Ọmọ Àbúrò Mi àti Òǹtẹ̀ Washington

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí àbúrò mi kú ni ìyá wa tó gbà pé kí n mú ọmọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi ní Houston. Kó tó gbà, a ti sunkún lórí fóònù títí, èmi nínú ilé wa ní Cinco Ranch, ìyá wa ní Ìsẹ́yìn, ọmọ náà á sì jókòó tì wọ́n. Bàbá ọmọ yìí ti kú nígbà tó ṣì wà lẹ́nu ọmú. Àbúrò mi nìkan ló dá a tọ́. Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ládùúgbò, àìsàn kíndìnrín ló sì mú un lọ. Obìnrin ni ọmọ náà, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ sì jọ ti ìyá rẹ̀ lórí fóònù débi pé nígbà míì tó bá ní, "Mọ́mì Houston, ẹ káàárọ̀ mà," mo máa ń gbé fóònù kúrò létí ná kí n tó lè dá a lóhùn.

Kì í ṣe ọ̀nà jíjìn ni ìyá wa ń bẹ̀rù. Ìdílé mùsùlùmí ni wá, ìyá wa sì ti gbọ́ níbì kan pé tí ìjọba òyìnbó bá ti sọ ọmọ ọlọ́mọ di ọmọ ẹni, wọ́n á pa orúkọ bàbá rẹ̀ rẹ́.

"Bàbá ọmọ yìí ti wà nínú ilẹ̀," ìyá wa ní. "Kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún un ju orúkọ lọ. Mi ò ní í gbà kí wọ́n gba ìyẹn náà lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo ní kí ìyá wa lọ bá lèmọ́mù wọn sọ ọ́. Lèmọ́mù ní títọ́ ọmọ òrukàn jẹ́ iṣẹ́ láádá ńlá, tí wọn ò bá ṣáà ti fi ìran ọmọ náà pamọ́ fún un, kí orúkọ bàbá rẹ̀ dúró bó ṣe wà. Èmi náà bi lọ́yà níbí, ó ní orúkọ lè dúró. Ìgbà yẹn ni ìyá wa tó ní ó dáa. Wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o."

Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà yẹn.

Ọmọ Yorùbá ni lọ́yà tí a lọ bá. Ọ́fíìsì rẹ̀ kò jìnnà sí freeway, a sì ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ bó ṣe ń bá wa sọ̀rọ̀. Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ẹnjiníà ní ilé iṣẹ́ ìfọpo kan ní Deer Park, gba àyè níbi iṣẹ́ kó lè bá mi lọ.

"Àǹtí," lọ́yà náà ní, "nǹkan méjì ló wà níbí. Àkọ́kọ́, ilé ẹjọ́ ní Nàìjíríà ló máa dá a pé ọmọ yín ni. Kí adájọ́ tó dá yín lóhùn rárá, ó máa fẹ́ rí ìwé ìgbéyàwó yín, ìwé ọlọ́pàá pé ẹ ò hùwà ọ̀daràn rí, àti ìròyìn ẹni tó ní àṣẹ tó wá wo ilé yín. Ìwé Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn. Tí ẹ bá kàn kó wọn lọ bẹ́ẹ̀, bébà lásán ni wọ́n níwájú adájọ́."

Ó wá ṣàlàyé. Àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tí wọ́n ti jọ fẹnu kò pé òǹtẹ̀ kan ṣoṣo ti tó láàárín ara wọn. Nàìjíríà kò sí lára wọn. Nítorí náà, nótárì, ẹni tí ìjọba fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé, á kọ́kọ́ lu òǹtẹ̀ tirẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní Austin á jẹ́rìí pé nótárì yẹn jẹ́ nótárì lóòótọ́. Ìjọba àpapọ̀ ní Washington á jẹ́rìí pé ẹni tó fọwọ́ sí i ní Austin wà níbẹ̀ lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ́ḿbásì Nàìjíríà á tó jẹ́rìí pé ìwé náà ti Washington wá.

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. "Ta ló máa wá jẹ́rìí pé ẹ́ḿbásì ni ẹ́ḿbásì?"

Lọ́yà náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá ní, "Èkejì ló le, bọ̀dá mi. Òfin Amẹ́ríkà ní kí ilé ẹjọ́ ti dá a kí ọmọ náà tó pé ọdún mẹ́rìndínlógún. Tó bá pé ọdún mẹ́rìndínlógún lónìí, tí adájọ́ sì dá a lọ́la, ọmọ yín ni ní Nàìjíríà. Níbí, wọn ò ní í kà á sí ọmọ yín. Kò ní í rí fíísà gbà lórí ìyẹn."

Mo rántí pé ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí a jáde. Oṣù kìíní ọdún ni, ìparí oṣù kọkànlá ni ọjọ́ìbí ọmọ náà. Nínú mọ́tò, ọkọ mi ní, "Mọ́mì, ìwé mẹ́ta ni. Kí la fẹ́ fi odindi ọdún kan ṣe lórí ìwé mẹ́ta?" Èmi náà ń béèrè bẹ́ẹ̀ nínú ara mi.

Yàrá àkọ́bí wa la ní ká fún un. Àwọn ọmọ wa méjèèjì, ọkùnrin, ti lọ yunifásítì, inú ilé náà sì ti dákẹ́ jù. Ọkọ mi ní kí ọmọ náà yan ọ̀dà tó bá fẹ́. Ó mú àwọ̀ ewé tí kò ki jù, ọkọ mi sì fi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ kun yàrá náà fúnra rẹ̀, ó ń gbé fóònù yí ká kí ọmọ náà lè máa wò ó láti Ìsẹ́yìn.

"Dádì, ṣé fèrèsé yẹn máa ń ṣí?" ló béèrè.

"Ó máa ń ṣí. A kì í kàn ṣí i ni. Ooru ibí pọ̀ jù."

"Èmi á máa ṣí i," ó ní, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín.

Obìnrin tó wá wo ilé wa, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, jẹ́jẹ́ ló ń ṣe. Ó wo ẹ̀rọ tó máa ń ké tí èéfín bá wà, ó wo ibi tí a ń kó oògùn sí, ó bá èmi àti ọkọ mi sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó bi mí pé kí ló dé tí mo fẹ́ gba ọmọ ṣọmọ nígbà tí tèmi ti dàgbà tán.

Mo ní, "Ọmọ àbúrò mi ni."

Ó kọ ìyẹn sílẹ̀, ó gbójú sókè. "Yàtọ̀ sí ìyẹn ńkọ́?"

Lójú tiwa, ọmọ mi ni tẹ́lẹ̀. Tí mo bá wà ní Ìsẹ́yìn ni, a ò ní í pe ẹnikẹ́ni jókòó láti sọ ọ́, ó kàn máa kó aṣọ rẹ̀ láti yàrá kan sí èkejì ni. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé èyí fún obìnrin náà lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó ń mi orí, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bóyá ó yé e.

Nígbà tí ìròyìn rẹ̀ parí, ọ̀dọ̀ nótárì kan ní Rosenberg, nítòsí ilé rẹ̀, ló ti fẹ́ fọwọ́ sí i. Mo wakọ̀ lọ síbẹ̀. Ilé ìtajà kékeré kan ni, wọ́n ń ta páálí ìkẹ́rù níwájú, nótárì náà sì jókòó lẹ́yìn. Ó tẹ òǹtẹ̀ rẹ̀ sórí ìwé náà. Ẹ̀gbẹ́ kan jáde dáadáa, ẹ̀gbẹ́ kejì fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni pé omi kán sí i.

"Ṣé kò ní í ṣe nǹkan kan?" ni mo béèrè.

"Kò ní í ṣe nǹkan kan, mà," ó ní, ó sì pa páàdì tàdáwà rẹ̀ dé.

A kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Austin. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àpò náà padà wá bá wa. Wọn ò lè ka nọ́ńbà nótárì yẹn. Ìwé ìgbéyàwó wa náà ò sì wúlò bó ṣe wà, ó ti gbó jù. Akọ̀wé tó fọwọ́ sí i nígbà tí a ṣègbéyàwó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tipẹ́tipẹ́, a gbọ́dọ̀ lọ gba ẹ̀dà tuntun lọ́dọ̀ káúńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀.

Mo pe obìnrin tó wo ilé wa kó wá tún un fọwọ́ sí. Fóònù rẹ̀ ní kí n fi ohùn sílẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ló wá pè mí padà, ó ní wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún bàbá obìnrin náà ní ìpínlẹ̀ míì, obìnrin náà ti lọ tọ́jú rẹ̀. Mo ní ṣé ẹlòmíì ò lè bá a fọwọ́ sí i? Ó ní ẹni tó fojú rí ilé náà ni òfin fẹ́. N kò lè bínú. Bí bàbá tèmi bá wà láyé tí wọ́n la àyà rẹ̀, ṣé n kò ní í lọ ni? Mo kàn dúró. Ní gbogbo ìgbà tí mo ń dúró yẹn, mo máa ń ṣàdúà pé kí bàbá rẹ̀ yá, ojú sì máa ń tì mí nítorí mo mọ ohun tí mo ń torí rẹ̀ ṣàdúà náà.

Bàbá náà yá, ọmọ rẹ̀ padà dé, ó fọwọ́ sí ìwé tuntun níwájú nótárì míì. Ó ku ẹ̀dà ìwé ìgbéyàwó. Ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ lọ gbà á ni ìjì já. Kì í ṣe ìjì tó le jù tí a ti rí, ṣùgbọ́n ó wó igi lu wáyà káàkiri, iná sì lọ. Àwọn ọ́fíìsì káúńtì tì. Ilé ìfìwéránṣẹ́ tì. Ooru mú wa nínú ilé débi pé orí táìlì ilẹ̀ ni a ń sùn, gbogbo ẹran inú fìríìsà la kó fún ọkùnrin àdúgbò tó ní jẹnẹrétọ̀. Inú mọ́tò ni mo ti ń fi iná sí fóònù, ibẹ̀ náà ni mo sì ti pe Ìsẹ́yìn.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí. "Mọ́mì Houston, wọ́n máa ń mú iná lọ níbẹ̀ náà?"

"Wọ́n mú un lọ o."

"Ẹ jẹ́ n pe Màmá kí wọ́n gbọ́. Màmá! Iná ti lọ ní Amẹ́ríkà!"

Mo gbọ́ tí ìyá mi ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, èmi náà rẹ́rìn-ín, òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi. N kò sọ fún un pé iná tó lọ yẹn ń jẹ ọjọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni n kò ti sọ ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́rìndínlógún fún un. Mo ní kí ni ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá rẹ̀ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

Nígbà tí káúńtì ṣí, a gba ẹ̀dà náà. Ọkọ mi ní òun ò fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí Austin mọ́. Ó gba àyè níbi iṣẹ́, ó jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ó wakọ̀ lọ fúnra rẹ̀. Ó pè mí níbi iṣẹ́ mi, ní ilé oògùn ọsibítù, ohùn rẹ̀ ń dùn bíi ti ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. "Ó ti jáde, Mọ́mì! Gbogbo rẹ̀ ti jáde." Ó kó wọn dé nírọ̀lẹ́, ó tò wọ́n sórí tábìlì ìjẹun. Ìwé kọ̀ọ̀kan ti ní ojú ewé tuntun lórí, òǹtẹ̀ ìpínlẹ̀ wà lórí rẹ̀, ó wú sókè díẹ̀. Mo ń fi ìka tọ́ ọ lọ, tọ́ ọ bọ̀. Ọjọ́ yẹn ni inú mi dùn jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

A fi wọ́n ránṣẹ́ sí Washington. Láti ìgbà yẹn ni kò ti sí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè ṣe mọ́.

Mo fẹ́ kó yé ẹni tó ń kà á. Nígbà tí ìwé wà ní Rosenberg, mo lè wakọ̀ lọ. Nígbà tó wà ní Austin, ọkọ mi lè wakọ̀ lọ. Ní Washington, ìwé wa wà láàárín ìwé gbogbo èèyàn orílẹ̀-èdè yìí, ó ń dúró kó kàn án. Oṣù kẹsàn-án lọ. Oṣù kẹwàá ń lọ. Lọ́yà tó ń bá wa ṣe é ní Nàìjíríà ní adájọ́ ti ṣetán láti gbọ́ ẹjọ́ náà nígbàkígbà tí ìwé bá dé. Mo máa ń yẹ orí ìkànnì ọ́fíìsì Washington wò níbi iṣẹ́ láàárín oògùn kan sí èkejì, kò sì sí ohun tó yí padà.

Níkẹyìn mo pe Washington. Mo wọ yàrá tí a ti ń jẹun níbi iṣẹ́, mo ti ilẹ̀kùn, mo dúró lórí fóònù, wọ́n ń kọ orin sí mi létí. Obìnrin kan gbé e. Ohùn rẹ̀ dára.

Mo ṣàlàyé. Ó ní bí ìwé bá ṣe dé ni wọ́n ṣe ń ṣe é, èyí tó bá ti wọlé nípasẹ̀ lẹ́tà, wọn ò lè fà á yọ láàárín àwọn tó kù.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí ọ̀nà kankan tí wọ́n fi máa ń yá ti ẹlòmíì?"

"Ó wà fún ọ̀rọ̀ ikú tàbí àìsàn tó lágbára. Ṣé ẹnì kan wà lójú ikú ni, mà?"

Ẹnu mi ò gbà á láti purọ́. "Rárá," mo ní. "Ọmọ kan ń dàgbà ni."

Obìnrin náà ní, "Ó dùn mí, mà." Mo gbà pé ó dùn ún lóòótọ́. Ó bi mí bóyá ohun míì wà tí òun lè bá mi ṣe, mo ní kò sí, mo dúpẹ́, mo fọ ojú mi, mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan lẹ́yìn ìrun, àgbàlagbà kan ní mọ́sálásí wa fa ọkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkùnrin tó lójú àánú ni, ó ti bá ọ̀pọ̀ nínú wa dá sí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀ ń da ara yín láàmú. Ṣé ọjọ́ orí ni ìṣòro? Kí màmá nílé lọ búra ní kóòtù pé wọ́n ṣi ọdún ọmọ náà kọ. Ẹ fi ọdún méjì dín in. Ta ló fẹ́ wádìí rẹ̀?"

Ọkọ mi sọ ọ́ fún mi nínú mọ́tò, kò sì fi tirẹ̀ kún un. Nígbà tí a délé, mo pe ìyá mi, n kò ì tí ì sọ ọ́ tán tí wọ́n fi ní àwọn máa búra. Wọ́n ní, "Ọlọ́run mọ ìdí ẹ̀."

Mo rò ó fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Mo rántí alẹ́ tí wọ́n bí ọmọ náà. Àbúrò mi ló pè mí fúnra rẹ̀ láti ọsibítù, ohùn rẹ̀ ti há, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti bí i o, ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀." Kò fi nǹkan púpọ̀ sílẹ̀ láyé, àbúrò mi. Mo wò ó pé èmi ni n ó wá lọ bá a yí ọjọ́ tó rọbí padà. Mo wò ó náà pé tí ọmọ náà bá wọ ilé mi tán, lójoojúmọ́ ni òun náà á máa gbé irọ́ yẹn kiri, nílé ìwé, níbi iṣẹ́, títí tó fi máa darúgbó, tí ẹnì kan bá sì já a, wọ́n á dá a padà. Mo sọ fún ìyá mi pé rárá. Wọn ò bínú. Wọ́n kàn ní, "Ìwọ lo mọ ibẹ̀." Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá mo mọ ibẹ̀.

Ọjọ́ìbí náà pé. Ìwé wa ṣì wà ní Washington. Mo ti gba àyè lọ́jọ́ yẹn nítorí mo mọ̀ pé n kò ní í lè ka oògùn fún ẹnikẹ́ni. Mo pe ọmọ náà ní àárọ̀ ibí, ọ̀sán ti lé lọ́dọ̀ wọn. Ó ti se ìrẹsì, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì láti ilé ìwé wà níbẹ̀, ó wé gèlè ìyá rẹ̀ sórí ṣeréṣeré.

"Mọ́mì Houston, mo ti dàgbà o! Mo ti pé sixteen!"

"O ti dàgbà," mo ní. "Ọlọ́run á dá ẹ sí fún wa."

Mo kọrin fún un. Ọkọ mi náà pè wọlé láti Deer Park, òun náà kọrin, ariwo ẹ̀rọ ń hó lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà lọ bu oúnjẹ, ìyá mi gba fóònù, wọ́n wò mí, èmi náà wò wọ́n. Wọ́n béèrè pé, "Ṣé òní náà ni?" Mo ní òní náà ni. Wọ́n ní, "Lá hawla, kò sí agbára àfi ti Ọlọ́run," wọ́n sì yí fóònù padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọdé kí n lè máa wo bí wọ́n ṣe ń jẹun.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ìwé jáde ní Washington. Ẹ́ḿbásì kò fi nǹkan falẹ̀ rárá. Gbogbo rẹ̀ wá pé, ó mọ́, kò sí àléébù kankan lára rẹ̀. Ọkọ mi kò ṣí àpò náà. Ó gbé e sórí tábìlì, ó lọ jókòó síta nínú òtútù oṣù kejìlá.

Lọ́yà wa níbí ní tí a bá fẹ́, a lè dá a dúró, kò tún sí ohun tó fẹ́ mú jáde mọ́ ní Amẹ́ríkà. Èmi ni mo ní ká lọ. Mo ti ṣèlérí fún ọmọ náà pé a ó dúró níwájú adájọ́, kò sì sí ohun míì tí mo tún lè mú ṣẹ nínú gbogbo ohun tí mo sọ fún un.

Ilé ẹjọ́ náà, nílé ní Nàìjíríà, kékeré ni, fáànù ń yí lókè. Obìnrin ni adájọ́. Ó yẹ àwọn ìwé wa wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo òǹtẹ̀ orí òǹtẹ̀, ó mi orí. Ó ní wọ́n pé. Ó wá kọjú sí ọmọ náà, ó sì fi Yorùbá bi í.

"Ta ni ìyá yìí jẹ́ sí ọ?"

"Mọ́mì mi ni mà."

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gbà ọ́ ṣọmọ?"

"Mo ti jẹ́ ọmọ wọn tẹ́lẹ̀ mà."

Adájọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i. Orúkọ bàbá rẹ̀ dúró bó ṣe wà. Ìyá mi fi etí ìborùn nu ojú.

Nígbà tí a jáde, mo ní kí ìyá mi jókòó sínú mọ́tò, mo fa ọmọ náà lọ sábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹjọ́. Mo ti ń tò ó nínú mi láti inú ọkọ̀ òfuurufú, bí mo ṣe máa sọ ọ́. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò sọ fún ẹ. Ìwé tí a gbà yìí, ní Amẹ́ríkà…"

"Mo mọ̀, Mọ́mì," ó ní.

"Kí lo mọ̀?"

"Pé mo ti kọjá ọdún ẹ̀. Mo ti kà á lórí fóònù tipẹ́, nígbà tí ẹ ṣì ń bá nótárì fà á."

Mo wò ó. "Kí ló dé tí o ò sọ?"

Ó ń fi bàtà rẹ̀ wa ilẹ̀. "Ẹ̀yin àti Dádì ń sáré kiri. Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mi ò gbà pé ẹ lè ṣe é." Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo ti san owó WAEC nílé ìwé mi láti oṣù tó kọjá. Ẹ má bínú."

Èmi tó yẹ kí n tù ú nínú, ọwọ́ rẹ̀ ló wà lẹ́yìn mi. A dúró bẹ́ẹ̀ títí ìyá mi fi yọjú láti inú mọ́tò, wọ́n ní ooru ń mú àwọn.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e a wá fíísà àbẹ̀wò fún un, kó kàn wá wò wá nígbà ìsinmi. Wọn ò fún un. A rò pé ìwé ilé ẹjọ́ yẹn gan-an ló fà á: ẹni tí ìyá rẹ̀ wà ní Houston, wọ́n á ní kí ló máa dá a padà sílé? Tí a bá ní kó wá gẹ́gẹ́ bí ọmọ wa, wọ́n á ní kì í ṣe ọmọ wa. Nígbà tó fẹ́ wá gẹ́gẹ́ bí àlejò, ó ti di ọmọ wa jù. Lọ́yà ní ká tún gbìyànjú tó bá dàgbà sí i.

Ó ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì báyìí. Èmi ni mo máa ń lọ sílé, gbogbo ìsinmi mi ibẹ̀ ló ń lọ. Ìyókù ọdún, fóònù ni.

Láìpẹ́ yìí ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá mi. Mo fẹ́ lọ, iṣẹ́ ò jẹ́. Ọmọ náà ló gba àyè nílé ìwé, ó mú wọn lọ sí ọsibítù ojú, ó fi fóònù sínú àpò àyà aṣọ rẹ̀ kí èmi náà lè máa gbọ́. Mo jókòó sínú mọ́tò ní ibi ìgbọ́kọ̀sí níbi iṣẹ́ mi, mo ń tẹ́tí. Mo ń gbọ́ bí dókítà ṣe ń béèrè oògùn tí ìyá mi ń lò. Mo la ẹnu láti dáhùn, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti ń dá a lóhùn, orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan àti bí wọ́n ṣe ń lò ó, ó mọ gbogbo rẹ̀ jù mí lọ.

"Ta ló ń bójú tó Màmá?" dókítà béèrè.

"Èmi ni sà."

"Kò sí àgbàlagbà kankan?"

"Mọ́mì mi wà ní ìlú òkèèrè. Èmi ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀ sà."

Mo ń pè é pé kó gbé fóònù fún dókítà náà. Wọn ò gbọ́ mi. Mo gbọ́ ìró bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń tì lọ, mo gbọ́ ìyá mi tí wọ́n ń ka súrà Fátíhà jẹ́jẹ́, mo gbọ́ ọmọ náà tó ń ní, "Màmá, mo wà níbí o, mo wà níbí." Lẹ́yìn náà nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Mo pè padà, kò wọlé. Mo jókòó díẹ̀ sí i nínú mọ́tò, mo wọ ẹ̀wù iṣẹ́ mi, mo sì wọlé lọ ka oògùn fún àwọn èèyàn.